Màmá ń bọ̀ láti Ìbàdàn, àwọn ọmọ fẹ́ lọ sí Universal: ibo ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀?

Obìnrin kan tó ń gbé ní Houston ló kọ̀wé sí mi. Ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn lóṣù kẹfà. Ẹni ọdún 72 ni wọ́n, orúnkún sì ń dà wọ́n láàmú. A fẹ́ kó gbogbo ilé lọ sí Universal, ibi ìgbafẹ́ ńlá tó wà ní Orlando. Àgbà àwọn ọmọ jẹ́ ọmọ ọdún 13, Harry Potter ni tirẹ̀. Èyí àárín jẹ́ ọmọ ọdún 8, Mario ló ń pariwo lójoojúmọ́. Àbíkẹ́yìn jẹ́ ọmọ ọdún 4, Minions nìkan ló mọ̀. Mo fẹ́ ká ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan kí owó má baà pọ̀ jù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ká ra Express, ìyẹn ìwé tó ń jẹ́ kéèyàn gba ìlà kúkúrú, òmíràn ní owó ìrànù ni. Ṣé dandan ni kí Màmá ní tíkẹ́ẹ̀tì nígbà tí wọn ò ní gun nǹkan kan? Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ fi owó tá a tù jọ ṣòfò, kí Màmá sì padà sílé pẹ̀lú ìrora ẹsẹ̀ nìkan."

Ẹ kú ìmúrasílẹ̀ àlejò o, ìyá àwọn ọmọ. Gbólóhùn yín tó gbẹ̀yìn yẹn ni mo rò pé ó gbé gbogbo ìbéèrè yòókù dání. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń gbé ní Orlando, mi ò sì lè ka iye ìdílé tí mo ti bá ṣètò irú ìrìn àjò yìí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni pé tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kọ́kọ́ ń rà, ìgbà tí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rántí irú ara tí wọ́n gbé wá. Ẹ yí i padà. Gíga àwọn ọmọ àti ẹsẹ̀ Màmá ni kó sọ tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ ó rà, iye ọjọ́ tí ẹ ó lò, àti ibi tí ẹ ó sùn sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ohun tó lọ́ pọ̀. Universal kì í ṣe Disney o. Ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ilẹ̀ wọn yàtọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀kan ò sì ṣí ilẹ̀kùn èkejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtòsí ara wọn ni wọ́n wà. Bákan náà, Universal fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọgbà kan ṣoṣo. Universal Studios Florida ló kọ́kọ́ dé, lọ́dún 1990. Islands of Adventure tẹ̀ lé e lọ́dún 1999, àwọn méjèèjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn débi pé ẹsẹ̀ lásán lẹ ó fi rìn láti ọ̀kan sí èkejì. Volcano Bay, ọgbà ìwẹ̀ àti ìṣeré inú omi, ṣí lọ́dún 2017. Epic Universe ni àbíkẹ́yìn, ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni wọ́n ṣí i, máìlì mélòó kan sì ni òun wà sí àwọn tó kù. Ẹ ò lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ní "gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan", ọgbà mẹ́rin lẹ ń sọ, kò sì sí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀, ká má tíì dárúkọ Màmá.

Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá gbọ́dọ̀ ní tíkẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta sókè ló ń sanwó wọlé, yálà ó gun nǹkan kan tàbí kò gùn ún. Láti ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ sókè, owó àgbàlagbà ni. CityWalk nìkan, ìyẹn òpópónà ilé oúnjẹ àti ìtajà tó wà níwájú àwọn ọgbà náà, lèèyàn lè rìn gbà láìní tíkẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ẹ má ka tíkẹ́ẹ̀tì Màmá sí òfò. Ohun kan wà níbẹ̀ tó dà bí ẹni pé wọ́n ṣe é fún wọn: reluwé Hogwarts Express tó ń gbé èèyàn láti ọgbà kìíní sí ìkejì. Wọ́n á jókòó sínú yàrá kékeré bíi ti reluwé ayé àtijọ́, ilẹ̀ àti òkè á máa kọjá lójú fèrèsé, ìran tí wọ́n rí ní àlọ kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n máa rí ní àbọ̀. Kò já wálẹ̀, kò yí po, ẹni tó wà lórí àga onítáyà sì ń wọ̀ ọ́. Ìyá mi gùn ún lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ kan. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì tó gba ọgbà kan ṣoṣo lóòjọ́ ò lè wọ reluwé yìí, torí ọgbà kejì ló máa sọ yín kalẹ̀ sí. Èyí tí wọ́n ń pè ní park-to-park, tó ń jẹ́ kí ẹ wọ ọgbà méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, lẹ máa rà. Ọmọ yín tó jẹ́ ti Harry Potter náà nílò rẹ̀, torí Hogsmeade, abúlé inú ìtàn náà, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2010, wà nínú Islands of Adventure, Diagon Alley, òpópónà ìtajà inú ìtàn náà, tó dé lọ́dún 2014, sì wà nínú Studios. Ààbọ̀ ìtàn ni ẹni tó rí ọ̀kan ṣoṣo rí.

Ó wá kan gíga. Àwọn ohun tí wọ́n ń gùn níbẹ̀, ráìdì ni gbogbo wa ń pè é, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní gíga tí ọmọ gbọ́dọ̀ dé. Kì í ṣe ìkanra. Irin tó ń tẹ èèyàn mọ́ àga, ìwọ̀n ara kan ni wọ́n ṣe é fún, ara tí kò bá tó o lè yọ́ jáde nígbà tí ọkọ̀ bá dorí kodò. Òpó ìwọ̀n wà lẹ́nu ọ̀nà ráìdì kọ̀ọ̀kan. Mo dúró lẹ́yìn ìdílé kan níbi alùpùpù Hagrid, ọ̀kan lára àwọn ráìdì Harry Potter, lọ́jọ́ kan. Ọmọkùnrin wọn wọ aṣọ àwọ̀kanlẹ̀ bíi ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Hogwarts, ilé ẹ̀kọ́ idán inú ìtàn náà, ó di ọ̀pá idán mú. Òṣìṣẹ́ ní kó dúró ti òpó, kó gbé gìgísẹ̀ sílẹ̀. Ìka kan péré ló kù kí orí rẹ̀ dé ibi àmì. Ọmọ náà ò sunkún, ó kàn ń wo òpó yẹn bí ẹni pé ó máa rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Bàbá rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ títí, kò sí ohun tí òṣìṣẹ́ lè ṣe. Ká ní wọ́n ti wọ̀n ọ́n nílé ni, wọn ì bá ti sọ fún un ṣáájú, wọn ì bá sì ti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ lọ́kàn rẹ̀.

Ẹ wo tiyín. Alùpùpù Hagrid ń béèrè íńṣì 48, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin gbáko. Forbidden Journey tó wà nínú ilé olódi Hogwarts náà ń béèrè 48. Gringotts ní Diagon Alley, 42. VelociCoaster, 51. Hulk aláwọ̀ ewé, 54. Ọmọ ọdún 13 yín á wọ gbogbo wọn. Ọmọ ọdún 8 gan-an ni ọ̀rọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, torí àwọn ọmọ ọjọ́ orí yẹn mìíràn á lé ní 48, òmíràn ò ní tíì dé e. Minion Mayhem, ráìdì Minions tí àbíkẹ́yìn máa fẹ́, ń béèrè 40, ọmọ ọdún mẹ́rin sì lè wà lókè tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Bí kò bá dé e, E.T. wà fún un, 34 nìkan lòun ń béèrè, ó sì ti wà níbẹ̀ látìgbà tí ọgbà náà ti ṣí. Apá tí wọ́n ń pè ní Seuss Landing nínú Islands of Adventure náà, tàwọn ọmọ kékeré ni.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ̀yin tàbí bàbá wọn ní láti fi ráìdì ńlá du ara yín nítorí àbíkẹ́yìn. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní child swap, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Gbogbo yín á jọ tò títí ẹ ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí ráìdì. Ẹ̀yin á jókòó ti ọmọ nínú yàrá kan, bàbá á lọ gùn ún. Tó bá ti sọ̀ kalẹ̀, á wá gba ọmọ lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin náà á sì wọlé láìtún ìlà tò. Ẹ kàn sọ fún òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà pé bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ ṣe.

Ọ̀rọ̀ Màmá ni mo fẹ́ jókòó tì. Èèyàn lè rìn ju máìlì márùn-ún lọ lọ́jọ́ kan nínú àwọn ọgbà yìí láìmọ̀. Láti ibi tí ẹ máa gbé mọ́tò sí, ẹ ó gba ibi àyẹ̀wò ẹrù, ẹ ó la CityWalk já, kí ẹ tó rí ẹnu ọ̀nà ọgbà. Ní ti orúnkún ẹni ọdún 72, ibẹ̀ nìkan ti tó ìrìn. Wọ́n ń háyà àga onítáyà àti èyí tó ń lo bátìrì nínú ọgbà, ẹni tó bá tètè dé ló ń rí èyí tó ń lo bátìrì gbà. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé lójú àwọn òbí wa, kẹ̀kẹ́ arọ ni nǹkan yìí. Nígbà tí mo fà á wá síwájú ìyá tèmi, ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ṣé mo yarọ ni? Àwọn ọ̀tá mi ni yóò jókòó síbẹ̀." Wọ́n fẹsẹ̀ rìn láàárọ̀. Ní aago kan ọ̀sán, mo rí i tí wọ́n di ògiri ṣọ́ọ̀bù kan mú, tí wọ́n ń ṣe bí ẹni ń wo fìlà tí wọ́n kó síta. Wọn ò wo fìlà kankan, ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n. Ọjọ́ yẹn dùn mí dọ́kàn, nítorí èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ lọ́nà tí kò dáa. Nígbà tí a padà lọ lọ́jọ́ kejì, mo ní, "Màmá, ẹ bá wa jókòó ti àwọn báàgì yìí, kí àwọn ọmọ máa tì yín kiri." Wọ́n jókòó. Ọmọ-ọmọ wọn ń tì wọ́n, òmíràn gbé omi tutù dání, wọ́n sì ń juwọ́ sí àwọn èèyàn. Nítorí náà, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín, ọmọ wọn gan-an, bá wọn sọ ọ́ nílé, kó sì jẹ́ pé àwọn ọmọ ló máa bẹ̀ wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n tú èyí náà palẹ̀: àga onítáyà kì í gbé èèyàn kọjá ìlà. Wọ́n fẹ ọ̀pọ̀ ìlà dáadáa kí àga lè gbabẹ̀, nítorí náà Màmá á bá yín tò bíi ti gbogbo ayé. Ìwé àṣẹ ọ̀tọ̀ wà fún ẹni tí àìlera rẹ̀ ò jẹ́ kó lè dúró lórí ìlà rárá, wọ́n á fún un ní àkókò tó máa padà wá, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kúrò nílé. Orúnkún tí àga ti tó fún kì í sábà wà lára èyí tí wọ́n ń fún níwèé yẹn.

Bí Màmá bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí tí ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, ẹ ka pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà ráìdì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ fún ọlọ́kàn tó ń ṣàárẹ̀, aláboyún, àti ẹni tí ọrùn tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ ò dáa. Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sì ní sọ ohun tí ara wọn lè gbà. Dókítà tó ń tọ́jú wọn n'Íbàdàn ni kí ẹ bi kí wọ́n tó wọkọ̀ òfuurufú, kí ẹ sì ra ìwé adójútòfò ìlera fún àlejò, torí owó ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà kì í ṣe kékeré. Èyí tí mo lè sọ ni ti òòyì. Ọ̀pọ̀ ráìdì Universal ni kò rìn jìnnà, àga máa ń mì níwájú sinimá ńlá. Ojú á rí i pé ara ń fò, etí inú tó ń bá wa di ara mú á ní a ò kúrò lójú kan. Àìbára-mu yẹn ló ń fa èébì. Forbidden Journey le jù nínú wọn, torí apá irin ńlá ló ń gbé àga sókè-sódò. Ẹni tí òòyì máa ń kọ́ nínú mọ́tò, kó fò ó, tàbí kó di ojú rẹ̀ díẹ̀ bó bá ti bẹ̀rẹ̀.

Oṣù kẹfà jẹ́ ìgbà òjò wa níbí. Flọ́rídà dà bí ahọ́n tó yọ sínú omi, òkun Àtìláńtíìkì wà lápá ìlà oòrùn, omi ńlá mìíràn wà lápá ìwọ̀ oòrùn. Lọ́sàn-án, ilẹ̀ á gbóná, atẹ́gùn á fẹ́ wọlé láti ọ̀dọ̀ omi méjèèjì, wọ́n á sì pàdé ní àárín gbùngbùn níbi tí Orlando wà. Òjò àti mànàmáná á wá bẹ̀rẹ̀. Tí mànàmáná bá ti wà nítòsí, gbogbo ráìdì ìta á dúró, ẹ ò sì ní gba owó yín padà. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ìdílé pé kí wọ́n dé kí ọgbà tó ṣí, kí wọ́n gun àwọn tó wà níta láàárọ̀, kí wọ́n padà sí òtẹ́ẹ̀lì ní nǹkan bí aago kan kí Màmá àti àbíkẹ́yìn sùn, kí wọ́n tún wá nírọ̀lẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan náà ló máa mú yín wọlé padà.

Ó wá ku Express tí àwọn ọ̀rẹ́ yín ń jiyàn lé. Ráìdì kan ò lè gbé ju iye èèyàn kan lọ láàárín wákàtí kan, bí àwọn tó wá bá ti ju ìyẹn lọ, ìlà á gùn. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí Hagrid, ní oṣù kẹfà ọdún 2019, èèyàn tò fún wákàtí mẹ́wàá. Express ń jẹ́ kí ẹ gba ọ̀nà kúkúrú, kì í ṣe níbi gbogbo, iye rẹ̀ sì ń yí padà lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ tí èrò pọ̀, ó lè tó owó tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ tàbí kó jù ú lọ. Ẹ̀yin mẹ́fà lẹ ń lọ, Màmá àti àbíkẹ́yìn ò sì ní fi gun ju nǹkan méjì mẹ́ta lọ. Lójú tèmi, ẹ má rà á fún gbogbo yín. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ dandan, òtẹ́ẹ̀lì mẹ́ta wà, Portofino Bay, Hard Rock àti Royal Pacific, tí wọ́n ń fi Express ọgbà méjì àkọ́kọ́ kún owó yàrá, fún ọjọ́ tí ẹ dé àti ọjọ́ tí ẹ máa kúrò. Alẹ́ kan ṣoṣo á wá di ọjọ́ méjì. Kò kan Epic Universe o. Ẹ sì béèrè iye èèyàn tí yàrá kan ń gbà kí ẹ tó ṣírò, torí bó bá di yàrá méjì, ìṣirò náà lè dojú rú. Nítorí àwọn tó sùn sí òtẹ́ẹ̀lì Universal ń tètè wọlé ṣáájú àwọn tó kù, èyí tó dínwó jù nínú wọn pàápàá wúlò.

Ìṣòro ọmọ ọdún 8 yín ni pé Mario rẹ̀ ò sí nínú ọgbà méjì yìí. Epic Universe ni Super Nintendo World wà. Ohun tí mo máa ṣe ni pé lọ́jọ́ kan, kí bàbá wọn mú àwọn ọmọ ńlá méjèèjì lọ síbẹ̀, kí ẹ̀yin, Màmá àti àbíkẹ́yìn wà lẹ́bàá omi ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì. Tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lẹ ó rà dípò mẹ́fà. Màmá á sinmi ẹsẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì tí wọ́n máa rìn. Mo mọ̀ pé ó máa dùn yín pé ẹ ò ní sí níbẹ̀ nígbà tí ọmọ yín bá rí Mario. Tí ìyẹn bá ju owó lọ lọ́kàn yín, ẹ jẹ́ kí bàbá dúró ti Màmá.

Oúnjẹ kò le. Omi inú ike àti ìpápánu díẹ̀ kò léèwọ̀, ṣùgbọ́n kúlà líle àti ìgò ò gbọ́dọ̀ wọlé, nítorí náà jọ́lọ́ọ̀fù inú kúlà á dúró sí mọ́tò. Ilé oúnjẹ tí èèyàn ń tò sí ń fún èèyàn ní ife omi yìnyín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ béèrè. Butterbeer, ohun mímu inú ìtàn Harry Potter tí wọ́n ń tà níbẹ̀, ò ní ọtí nínú, Màmá lè mu ún. Kánfáàsì tí ẹsẹ̀ ti mọ́ lára ni kí gbogbo yín wọ̀, kí gèlè àti sílípáàsì dúró sílé. Ẹni tó ń ka èyí tó fẹ́ lọ láàárín ìparí oṣù kẹjọ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, kó wo kàlẹ́ńdà dáadáa: láwọn alẹ́ kan, Halloween Horror Nights, ìyẹn ayẹyẹ ìdẹ́rùbà tó ní tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lọ́tọ̀, ń wáyé nínú Studios, wọ́n á sì ti lé àwọn tó ní tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀sán jáde nígbà tí ilẹ̀ ò tíì ṣú. Mo mọ ìdílé tó dé ní aago mẹ́ta ọ̀sán lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Ètò tí mo fọwọ́ sí fún yín nìyí: ọjọ́ mẹ́ta, tíkẹ́ẹ̀tì park-to-park ọlọ́jọ́ méjì fún ẹ̀yin mẹ́fà, ọjọ́ Mario láàárín wọn. Ẹ wo àyè tí wọ́n fún yín láti lo ọjọ́ kejì kí ẹ tó sanwó. Ẹ má wa mọ́tò láti Houston o. Wákàtí mẹ́rìnlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lórí àga mọ́tò á ti ba orúnkún yẹn jẹ́ kí ẹ tó dé, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú ò ju wákàtí méjì àti díẹ̀ lọ. Ní alẹ́ òní, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ méjèèjì tó kéré wọ bàtà tí wọ́n máa wọ̀ lọ, kí wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, kí ẹ wọ̀n wọ́n. Ẹ kọ iye íńṣì náà ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó ra ohunkóhun. Bí ọmọ ọdún 8 bá ti lé ní 48, a máa fi aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kìíní sí Hagrid.